Rárá Tí Mo Gbé Lọ sí Sókodé

“Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi ná, Ẹ̀gbọ́n—”

“Kí lo fẹ́ parí? Mo ní omi nìkan. Omi, Wàhábì! Kì í ṣe fùrá, kì í ṣe tíì, kì í ṣe obì tí wọ́n á ní kó o fi pa ẹnu dà.”

“Ṣé èmi lẹ ń kọ́ ní àṣà ilé wa? Èmi?”

“Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ikùn rẹ ni mò ń bá wí.”

Mùhámmádù ẹ̀gbọ́n mi ló ń dí mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀, nínú àgbàlá ilé wa ní Kambolé, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ sí Sókodé. Inú bí mi. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, tó gba ìwé ẹ̀rí BEPC ní iléèwé girama, tí iṣu oko rẹ̀ kì í tán nínú abà, wọ́n wá ń kìlọ̀ oúnjẹ fún un bí ọmọ tó ń lọ síbi ìkómọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ̀ mí ni.

Èmi ni ẹnu ilé wa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ fèsì. Bàbá wa àgbà ló fi òfin kan lélẹ̀ nínú ìdílé wa: ẹni tó bá gbé “bẹ́ẹ̀ ni” lọ sọ́dọ̀ àna, kó jẹun títí yóò fi tú bàntẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé “rárá” lọ kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ wọn kan ẹnu. Omi nìkan. Ẹnu tó ti jẹ oúnjẹ èèyàn, ó ní, kò lè yíjú padà kó kọ̀ fún un. Tó bá ti jẹ, ó ti gbà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ìbíkúnlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbé rárá lọ sí Goubi lọ́dún kan. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ lọ́nà, ó mu ẹ̀kọ igbá kan. Ọmọ tá a fẹ́ fi du àwọn ará Goubi ti bí ọmọ mẹ́ta sí Goubi báyìí. Èmi ni mo sọ Ìbíkúnlé ní “Ẹlẹ́kọ Goubi”. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀, kódà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi mí ṣe ẹnu ilé, torí wọ́n ní mo mọ òfin.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Fàdílà, ni ọ̀rọ̀ kàn lọ́tẹ̀ yìí. Ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní líísè, iléèwé girama ńlá, ní Tchamba. Ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ló fẹ́ lọ kọ́ lẹ́yìn bákì, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde níbẹ̀. Àlàájì Rìdwánù ti Sókodé wá tọrọ rẹ̀ fún Fàwásì ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ìgbéyàwó wáyé kété tá a bá wa iṣu tán, láì dúró de bákì kankan. Fàdílà ní òun ò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ronú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní, “Ó dáa. Ẹ sọ fún wọn pé rárá.” Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ládùúgbò wa, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo gun zémì, alùpùpù akérò, dé Tchamba. Fàdílà ti dúró dè mí lẹ́nu géètì iléèwé wọn, ìwé ní àyà, nínú aṣọ káki. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku níbẹ̀.

“Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fàwásì kì í ṣe èèyàn burúkú.”

“Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tàbí o fẹ́ kí n máà sọ ọ́?”

“Ẹ sọ ọ́! Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.”

“Ìyẹn ni pé kí n fi òróró pa rárá lára.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹnu yín ni mo fi ọ̀rọ̀ mi sí, Bàbá Kékeré. Mi ò ní ẹnu míì.”

Mo wọ tàsí. Láti Tchamba dé Sókodé ni mo ń ṣe ìdánrawò ohun tí màá sọ. Mo sọ ọ́ títí obìnrin tó gbé adìyẹ sórí ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi bi mí bóyá ara mi yá.

Ọmọ Kambolé ni Àlàájì Rìdwánù, ó ti pẹ́ ní Sókodé, ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lẹ́bàá ọjà ńlá. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, àwọn bíríkìlà ń wó ògiri, eruku bo gbogbo àgbàlá.

“Wàhábì! Káàbọ̀, àbúrò. Ilé ò gba àlejò lónìí. Jẹ́ ká wá ibì kan jókòó.”

Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé, kò sí ilé, kò sí ìyàwó nídìí iná, kò sí oúnjẹ. Ọlọ́run ti bá mi dínà ìdánwò.

Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó.

Ibi tó mú mi lọ jẹ́ ilé oúnjẹ kékeré kan létí ọ̀nà ńlá, tábìlì mẹ́fà, àga rọ́bà, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Àbídèmí ló ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin ìran wa tó lo ọdún mọ́kànlá nídìí iná àwọn òyìnbó ní Ìtálì, kó tó padà wá fi amọ̀ mọ ààrò tirẹ̀. Pítísà ló ń sè.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Oríṣi méje ló wà. Èwo lẹ ó jẹ?”

“Omi,” ni mo wí.

“Omi kì í ṣe pítísà, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Mo kàwé.”

“Kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbí o, bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ń rò. Halálì ni gbogbo rẹ̀.”

Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Àna ni.

Àlàájì ní kí ó ṣe ńlá kan wá, ó sì yíjú sí mi. “Báwo ni òjò yín?”

“Òjò rọ̀. Àlàájì, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi—”

“Ọ̀rọ̀ kì í sá lọ. Báwo ni iṣu?”

“Iṣu ta. Àlàájì, nípa ti Fàdílà—”

“Jẹ́ ká jẹun ná, Wàhábì. Ikùn tó ṣófo kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa.”

Òfin wa yé e ju bó ṣe yé mi lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Nígbà yẹn, ojú mi wà lára Àbídèmí.

Ó mú ìyẹ̀fun tó ti pò, ó ń fi ọwọ́ nà án, ó jù ú sókè bí ẹni ń fi ọmọ ṣeré, ó sì gbà á lórí ìkúùkù. Ó fi tòmátì kùn ún, ó da àlùbọ́sà lé e, ó já ewé kan tó jọ ẹ̀fínrín, ó wá fi wàràkàṣì funfun bò ó. Ó tì í sínú iná. Láìpẹ́, òórùn rẹ̀ jáde wá bá mi lórí àga.

Ẹ má gbàgbé pé mi ò tíì jẹun láti ìdájí. Mo ti fi ikùn òfìfo gun zémì, mo ti fi wọ tàsí.

Ó gbé e wá, ó gé e sí ọ̀nà mẹ́jọ. Àlàájì mú ọ̀kan. Wàràkàṣì náà kò fẹ́ já, ó ń fà láti inú àwo dé ẹnu rẹ̀ bí okùn ọ̀já. Wàgáṣì àwọn Fúlàní wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sè é di ọ̀la, kò ní yọ́. Ó lórí kunkun bí ìyàwó mi. Mi ò rí wàràkàṣì tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

“Ṣé o ò ní tọ́ ọ wò?”

“Omi tó mi, Àlàájì.”

“Ó dáa.”

Kò fi ipá mú mi. Ká ní ó fi ipá mú mi ni, ǹ bá ti kọ̀. Ó kàn ń jẹ, ó ń pọ́n ìka lá, ó ń sọ fún mi nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní inú ilé òun, èdè Kòtókólì ni wọ́n fi ń jà, Faransé ni wọ́n fi ń parí ìjà. “Bí mo bá kú, Wàhábì, kò ní sí ẹni tó máa fi èdè wa sunkún mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ ọmọ Kambolé fún Fàwásì nìyẹn.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo káàánú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń káàánú èèyàn nígbà tí ebi ń pa á, kó yáa dìde níbẹ̀.

Èmi ò dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé BEPC mi ronú. Mo ní: kí ni òfin wí? Òfin ní oúnjẹ àna. Ṣé ilé àna nìyí? Rárá, ilé oúnjẹ ni. Ṣé ìyàwó àna ló sè é? Rárá, Àbídèmí ni. Ṣé Àbídèmí fẹ́ fẹ́ Fàdílà? Kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí bàbá wa àgbà ń ṣòfin, ṣé ó mọ pítísà? Kò mọ̀ ọ́n. Òfin kò sì lè de ohun tí ẹni tó ṣe é kò mọ̀.

Mo mú ọ̀kan.

Ó gbóná, ó jó mi láhọ́n, mi ò tu ú. Mo mú ìkejì kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni àkọ́kọ́ dùn. Mo mú ìkẹta torí pé mo ti mú ìkejì.

Àlàájì ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí mo fi gbé e mì, ó fi bébà nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Alhamdulillahi.” Lẹ́yìn náà ló wá gbá àga sún mọ́ mi.

“Ó yá, àbúrò. Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ?”

Gbogbo ohun tí mo ti dánra wò láti Tchamba wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n òróró wà ní ètè mi. Mo la ẹnu, ẹnu náà rùn oúnjẹ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bàbá wa àgbà mọ pítísà dáadáa, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

“Wọ́n ní... wọ́n ní kí n kí yín.”

“Wọ́n kí wa?”

“Wọ́n kí yín gan-an.”

“A gbọ́,” ni Àlàájì wí. “Bá wa kí wọn. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì òní, a ń bọ̀ wá dá ìkíni wọn padà.” Ó wá ké sí Àbídèmí pé kó ṣe ọ̀kan sí i, kó dì í sínú páálí, kí àbúrò òun má bàa dé ilé lọ́wọ́ òfo.

Mo gbé páálí náà sórí ẹsẹ̀ nínú tàsí. Ó gbóná mọ́ mi lítan bí ẹ̀ṣẹ̀.

Ní Tchamba, Fàdílà ti wà lẹ́bàá títì. Kò tíì jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ dáadáa.

“Bàbá Kékeré, ẹ ti sọ ọ́?”

“Mo jíṣẹ́.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní àwọn gbọ́.”

Ẹ rí i, irọ́ kọ́ ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́ lóòótọ́. Irọ́ tó burú jù ni irọ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ó fò mọ́ mi lọ́rùn lójú títì, ohun tí ọmọ wa kì í ṣe. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ mi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló rí páálí.

“Kí lẹ gbé yẹn?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè sọ ohun púpọ̀. Mo lè sọ pé ẹlòmíì ló ni ín. Mo lè jù ú sínú gọ́tà.

“Oúnjẹ Ìtálì ni,” ni mo wí. “Mo rà á fún ọ. Ṣebí ìwọ lo ṣe ipò kejì ní kíláàsì?”

Ó ṣí i níbẹ̀. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ó ń fi mí yangàn: “Bàbá Kékeré mi ló rà á fún mi láti Sókodé!” Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó di ojú nítorí adùn. Mo dúró, mò ń wò ó. Láti Kambolé dé Koussountou, wọn ò tíì rí bàbá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọmọ fún ọkọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí ọmọ náà tún ń dúpẹ́.

Nígbà tí mo dé ilé, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹní.

“O jíṣẹ́?”

“Mo jíṣẹ́.”

“O jẹun?”

“Omi nìkan.”

Ó wo ikùn mi. Ó wo ojú mi. Ó ní, “Ọlọ́run á san án fún ọ.” Àdúrà yẹn, bí wọ́n bá ṣe é fún ọ̀tá mi pàápàá, kò ní lè sùn.

Ìyàwó mi Sèínábù gbé iyán kalẹ̀. Mo bù ú lẹ́ẹ̀mejì, mo dáwọ́ dúró.

“Bàbá Àdúràọlá, kí ló ṣe ọ́?”

“Ó rẹ̀ mí.”

“Ó rẹ̀ ọ́? Ọjọ́ tí bàbá rẹ kú, abọ́ méjì lo jẹ. Wọ́n ti fún ọ ní oògùn jẹ ní Sókodé nìyẹn.” Ó bá wá ewúro, ó fún un láìfọ̀ ọ́, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Mo mu ún láì ráhùn. Mo rò pé bóyá yóò bá mi fọ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ ń lọ. Ní ọjọ́ kẹrin mo pe Àlàájì lórí fóònù, lẹ́yìn ebè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ mi.

“Àlàájì, nípa ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, ó ku díẹ̀ tí mi ò sọ—”

“Wàhábì, látìgbà wo ni ilé yín ti ń fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ àna? Mú un dúró. A ó sọ ọ́ lójúkojú. Mo ti ra obì.”

Ó pa fóònù. Lọ́jọ́ kẹfà mo wọ zémì, mo ní mò ń lọ sí Sókodé lọ sọ ọ́. Mo dé Tchamba, mo rí Fàdílà lókèèrè lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ka ìwé, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo ní kí onízémì yí padà. Ojú ọmọ náà ni mi ò lè gbà kọjá.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo jẹ́wọ́ fún Sèínábù lóko. Ó ń kọ ebè nígbà yẹn. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀.

“O jẹ ẹ́?”

“Ilé oúnjẹ ni, Ìyá Àdúràọlá. Kì í ṣe ilé wọn.”

“Mi ò bi ọ́ ní ilé ta ni. Mo ní, o jẹ ẹ́?”

“Mo jẹ ẹ́.”

“Mélòó?”

“Mẹ́ta.”

“Ìbíkúnlé kò mu ju igbá kan lọ, o kò jẹ́ kó rímú mí fún ọdún mẹ́wàá.” Ó tún gbé ọkọ́. “Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí. Kì í ṣe lọ́la.”

“Màá sọ fún un.”

“Lónìí.”

“Mo gbọ́.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Èmi náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, tí mò ń la ẹnu, tí ó sì ń jẹ́ òjò ni mo bá a sọ. Mo ní bóyá bíríkìlà yóò mú Àlàájì dúró. Mo ní bóyá ọkọ̀ rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ń rán níṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi: ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń dàgbà nínú yín bí iṣu ni, bó bá sì ta tán, yóò la ilẹ̀ jáde.

Jímọ̀ náà pé. A kí ìrun tán, ọkọ̀ kan dúró síwájú ilé wa. Àlàájì Rìdwánù sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá, pẹ̀lú àgbà mẹ́ta àti apẹ̀rẹ̀ obì.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé wọ́n wá fi hàn pé wọn ò bínú. Ó tẹ́ ẹní tuntun. Ó ní kí wọ́n pe Ìbíkúnlé àti àwọn àgbà ilé. Ó ń sọ fún wọn pé, “Ẹ ò rí i bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe? A kọ̀ fún wọn, wọ́n tún wá kí wa.”

Àlàájì gbọ́ ọ. Ó gbé orí sókè.

“Ta ló kọ̀ fún wa?”

“Àwa ni. Wàhábì ló wá sọ ọ́.”

“Wàhábì wá kí wa ni. Ó kí wa, ó jẹun, a wá dá ọjọ́.”

“Jẹun?” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. “Kò jẹun. Omi nìkan ló mu.”

Àlàájì yí sí mi pẹ̀lẹ́. “Àbúrò, omi wo ni wọ́n máa ń gé sí ọ̀nà mẹ́jọ?”

Gbogbo ojú ṣubú lé mi. Mo sọ ohun tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì tò.

“Ẹ̀gbọ́n, ilé oúnjẹ ni! Kì í ṣe ilé Àlàájì. Àbídèmí ló sè é. Òfin ní oúnjẹ àna, kò ní oúnjẹ Àbídèmí—”

“Ta ló mú ọ débẹ̀?” ni Àlàájì bi mí.

“Ẹ̀yin ni.”

“Ta ló ní kí wọ́n gbé e síwájú rẹ?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Èyí tó wà nínú páálí ńkọ́? Àwọn ọmọ Tchamba ti sọ fún Fàwásì. Wọ́n ní ọmọ náà jẹ níbẹ̀ lójú títì.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó kàn wò mí bí ẹni ń wá ibi tó ti mọ ojú kan rí.

“O fún Fàdílà jẹ?”

Mo wo Ìbíkúnlé, mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín, yóò sọ orúkọ tuntun fún mi níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Sókodé tẹ́ ọwọ́. “Ẹnu ilé jẹ. Ọmọ pàápàá jẹ. Kí ló tún kù?”

“Òfin bàbá wa ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ lónìí, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ níbikíbi? Ọmọ wa lọ sí Goubi nítorí ẹ̀kọ. Tó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀—”

“Bàbá, ẹ dákun.”

Fàdílà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ káki iléèwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sèínábù wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ti ránṣẹ́ pè é láti àná, torí ó mọ̀ pé èmi ò ní lè la ẹnu mi.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbà, ó wá kọjú sí mi.

“Bàbá Kékeré, ṣé ẹ ra oúnjẹ yẹn?”

“Fàdílà, jọ̀ọ́, jẹ́ ká—”

“Ṣé ẹ rà á, àbí ẹ ò rà á?”

“Mi ò rà á.”

Ó mi orí bí tíṣà tó ń ṣàmì sí ìwé. “Rárá tí mo fi rán yín, ṣé ẹ sọ ọ́?”

“Mi ò sọ ọ́.”

“Ó ṣì wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ dá a padà fún mi.”

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. Mo ti lọ sí ọ̀pọ̀ ilé àna, mo ti sọ̀rọ̀ níwájú ọba àti alákóso, mi ò mọ ohun tí màá fi síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ òfìfo mi lé tirẹ̀. Ó pa á dé, bí ẹni tó gba nǹkan lóòótọ́, ó sì yí orúnkún rẹ̀ sí Àlàájì.

“Bàbá, ẹ kú ìrìn. Láti àná tí mo ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, mi ò fi nǹkan kan ẹnu. Omi nìkan ni mo mu, gẹ́gẹ́ bí òfin ilé wa. Mo jíṣẹ́ fún yín lójú gbogbo èèyàn: rárá.”

Obì wà láàárín wọn lórí ẹní. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àlàájì fa irùngbọ̀n rẹ̀. Inú kò bí i, ó jọ ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu. “Ọmọ mi, àwọn àgbà ni wọ́n ń rán níṣẹ́ àna. A ò rán ọmọbìnrin rí. Mo bẹ̀ ọ́, ta ló rán ọ?”

“Ẹni tí ẹ fẹ́ gbé lọ ni, Bàbá. Òun ló rán mi.”